Jake àti Brett: ṣé ogun ló ba ìfẹ́ wọn jẹ́, àbí àwọn fúnra wọn?

Àbẹ̀ní Òǹkàwé
Ẹ kú àṣálẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àná ni mo ka The Sun Also Rises tí Ernest Hemingway kọ tán. 1926 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní New York. Nígbà tó dé Ìlú Ọba ní 1927, Fiesta ni wọ́n pè é níbẹ̀. Láti àná ni inú ti ń bí mi, mi ò sì rí ẹni bá sọ ọ́ nínú ilé, torí ọkọ mi ní ìwé tí kò bá ti kọ́ni lówò, òun ò kà á.

Fún ẹni tí kò tíì kà á: Jake Barnes jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, oníròyìn ni ní Paris. Ó fara gbọgbẹ́ ní ojú ogun Ítálì nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ibi tí ọgbẹ́ ọ̀hún sì bọ́ sí kò jẹ́ kó lè bá obìnrin sùn mọ́. Brett Ashley jẹ́ obìnrin Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ọdún 34, aya ọlọ́lá kan tó ń retí ìwé ìkọ̀sílẹ̀. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn. Síbẹ̀ Brett ti ṣèlérí fún Mike Campbell, ará Scotland tó jẹ gbèsè dọ́rùn. Kí inú Mike tó tutù, Brett ti bá Robert Cohn, ọ̀rẹ́ Jake, lọ sí San Sebastián, ìlú etí òkun kan. Gbogbo wọn wá kó ara wọn lọ sí Pamplona ní Sípéènì fún ọdún San Fermín, ni Brett bá tún rí Pedro Romero, ọmọ ọdún 19 tó ń bá akọ màlúù jà lójú agbo. Ó ní kò sí bí òun ò ṣe ní í ní in. Ta ló sì mú un lọ bá ọmọ yẹn? Jake ni!

Ìbéèrè mi ò gùn. Nínú takisí ní ìparí ìwé, Brett ní àwọn ì bá jọ gbádùn ayé àwọn dáadáa. Ṣé òótọ́ ni? Ká ní Jake pé pérépéré, ṣé wọn ì bá dúró ti ara wọn?

Jagunlabí
Àǹtí mi, ọ̀rọ̀ yìí ò le. Ìwẹ̀fà ni Jake. Obìnrin wo ló máa bá ìwẹ̀fà ṣe títí alẹ́? Ó tán.

Tíṣà Àgbà
Jagunlabí ọmọ mi, kò tíì tán. Ìwẹ̀fà kọ́ ni Jake. Wọ́n bi Hemingway fúnra rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ yìí nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó ṣe pẹ̀lú Paris Review, ìwé àtìgbàdégbà àwọn òǹkọ̀wé, ní 1958, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé wọn ò tẹ ọkùnrin náà lọ́dàá. Kórópọ̀n rẹ̀ wà níbẹ̀, kò farapa. Ohun gbogbo tí ọkùnrin ń rò lára ni Jake ń rò lára, kò kàn ní ohun tí yóò fi parí rẹ̀ ni. Ẹ wo bí ìyà yẹn ti pọ̀ tó ju ti ìwẹ̀fà ààfin lọ. Jake ní oṣù mẹ́fà gbáko ni òun ò fi lè sùn láìtan iná.

Hemingway náà gbọgbẹ́ ní Ítálì, ní Fossalta, ní 8 oṣù Keje 1918, nígbà tó ń bá Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa ṣiṣẹ́. Kò tíì pé ọmọ ọdún 19. Ẹsẹ̀ ló ti gba tirẹ̀, kì í ṣe ibi tí ẹ ń rò.

Jagunlabí
Ẹ má bínú, bàbá. Ẹpọ̀n wà, mo gbà.

Olùtọ́jú Ojú-Òpó
Jagunlabí, ọmọ ọlọ́mọ ń ka ibí yìí o.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Ẹ kú ìjókòó o. Manchester ni mo wà, iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe, abala mẹ́ta mẹ́ta ni mo fi ka ìwé yìí láàárín ìsinmi. Ó ń dùn mí bí ẹ ṣe ń sọ ti ọgbẹ́ Jake tí ẹnikẹ́ni ò sọ ti Brett.

Nọ́ọ̀sì ni Brett nígbà ogun. Ilé ìwòsàn ló ti pàdé Jake. Ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́ràn kú sójú ogun, kì í ṣe ìbọn ló pa á, ìgbẹ́ ọ̀rìn ni. Ó wá fẹ́ Ashley, ọmọ ogun ojú omi, èyí tí orí rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́ nígbà tó ti ogun dé. Orí ilẹ̀ ni ọkùnrin yìí máa ń ní kí Brett sùn. Ìbọn tí ọta wà nínú rẹ̀ ló ń gbé sùn. Bí oorun bá gbé e lọ, Brett á rọra dìde, á yọ ọta náà kúrò.

Mo gbé ìwé yẹn kalẹ̀ nígbà tí mo kà á débẹ̀. Obìnrin tó ń rìn lórí ìka ẹsẹ̀ lóru láti tú ọta ìbọn ọkọ rẹ̀! Ẹ̀yin wá ń bi í pé kí ló dé tí kò lè bá ọkùnrin kan gbélé. Mike ló sọ ìtàn yìí, ọ̀rọ̀ ṣókí, lẹ́nu ẹni tó ti mutí yó. Brett fúnra rẹ̀ ò sọ ọ́ rí.

Àbẹ̀ní Òǹkàwé
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ là mí lójú. Ibẹ̀ yẹn kọjá lójú mi bí afẹ́fẹ́.

Tíṣà Àgbà
Bí ìwé yẹn ṣe rí nìyẹn. Ohun tó wúwo jù, ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń béèrè iyọ̀.

Ṣùgbọ́n Àbẹ̀ní, Brett ti dáhùn ìbéèrè rẹ ṣáájú kí wọ́n tó kúrò ní Paris. Jake bi í pé ṣé àwọn ò kàn lè jọ máa gbé ni. Brett ní rárá, pé gbogbo ènìyàn lòun máa fi dalẹ̀ rẹ̀, kò sì ní lè gbà á mọ́ra. Ẹni tó sọ èyí náà ló wá ń sọ̀rọ̀ ayé rere nínú takisí. Èwo nínú méjèèjì ni ká gbà gbọ́?

Akọ̀wé Báńkì
Ẹ jẹ́ kí èmi wo ibi tí ojú mi máa ń lọ. Jake délé lóru ọjọ́ kan lẹ́yìn tó pínyà pẹ̀lú Brett, ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Kí ló kọ́kọ́ ṣe? Ó ṣí lẹ́tà báńkì. $2,432.60 ló wà nínú àkáǹtì rẹ̀. Ó mú ìwé sọ̀wédowó, ó yọ sọ̀wédowó mẹ́rin tó ti kọ láti ọjọ́ kìíní oṣù, ó ku $1,832.60. Ó wá bọ́ aṣọ, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó dùbúlẹ̀, ẹkún sì dé.

Ọjọ́ tí mo ka ìyẹn ni mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Gbogbo oníbàárà mi tí ìyàwó kọ̀ sílẹ̀, ọjọ́ kejì ni wọ́n ń wá yẹ àkáǹtì wò. Iye yẹn nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ ká.

Owó ló so ìwé yẹn pọ̀, bí ẹ ò bá mọ̀. Owó Faransé ti já wálẹ̀ lẹ́yìn ogun, ẹni tó bá ní dọ́là ń jayé ọba ní Paris. Amẹ́ríkà sì ti fòfin de ọtí láti 1920, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń mutí níbẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ tán láyé. Jake nìkan ló ń ṣiṣẹ́ gan-an. Mike ń fi gbèsè jayé. Wọ́n bi í pé báwo ló ṣe wọko gbèsè, ó ní ọ̀nà méjì ni: díẹ̀díẹ̀ ni, lẹ́yìn náà ó ṣẹlẹ̀ lójijì. Mo ti fi gbólóhùn yẹn dá àwọn tó wá yáwó lẹ́kun.

Jagunlabí
Ìyẹn ni kẹ́ ẹ máa fi dá mi lóhùn nígbà tí mo bá wá, ẹ̀gbọ́n.

Ará Peckham
Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àwọn èèyàn wọ̀nyí lápapọ̀. Mo ti ń gbé nílùú onílùú fún ọdún mọ́kàndínlógún báyìí. Nígbà tí mò ń kà á, àkúdàáyà ló ń sọ sí mi lọ́kàn. Ẹ ṣá mọ̀ ọ́n: ẹni tó ti kú nílé, tí wọ́n ti sin, àmọ́ tó ti dé ìlú mìíràn tó ń jẹ tó ń mu níbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Ogun ti pa àwọn wọ̀nyí. Wọ́n kàn wá ń jẹun ní Montparnasse, àdúgbò kan ní Paris ni, láti ilé kọfí Select bọ́ sí Dôme.

Ọmọ Kétu
Ará Peckham, ó dùn létí ṣùgbọ́n mi ò gbà. Àkúdàáyà tí àwọn àgbà wa ń sọ, òṣìṣẹ́ ni. Á fẹ́yàwó, á bímọ, á kọ́lé níbi tó sá lọ. Bó bá sì rí ará ilé rẹ̀, á pòórá. Àwọn tibí yìí, ará ilé ara wọn gan-an ni wọ́n ń wá kiri láti ilé ọtí kan sí èkejì. Mike ò tilẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ará Peckham
Ó dáa, àkúdàáyà ọ̀lẹ.

Ọmọ Kétu
😂 Ìyẹn mo gbà.

Ẹ jẹ́ kí n gbé ti tèmi kalẹ̀, torí kò ní tán lára mi. Faransé kó ọmọ Dahomey, ọmọ Senegal àti ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà mìíràn lọ jagun yẹn kan náà. Ìwé yìí ń sọ̀rọ̀ Paris lẹ́yìn ogun yẹn. Èèyàn dúdú mélòó ni mo rí tí ìwé náà dúró sọ̀rọ̀ lé lórí? Méjì. Ọ̀kan ni abẹ̀ṣẹ́ tí Bill Gorton, ọ̀rẹ́ Jake, ṣàlàyé pé òun rí ní Vienna: ó na ọmọ onílé ṣubú, èrò bẹ̀rẹ̀ sí í ju àga, wọn ò sì san owó rẹ̀ fún un. Ìkejì ni onílù ní ilé ijó òru tí Brett àti Jake lọ. Brett mọ̀ ọ́n, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Onílù yìí ń lù, ó ń kọrin, ẹ sì wo ohun tí Hemingway tẹ̀ sí i lẹ́nu: ìlà àmì ìdánudúró lásán. Tótótó, tótótó, ó parí. Orin ọkùnrin dúdú di ẹ̀kán lórí bébà. Abẹ̀ṣẹ́ ò lórúkọ, onílù ò lórúkọ, ọ̀rọ̀ èébú tí wọ́n sì ń lò fún àwọn méjèèjì, mi ò ní í tẹ̀ ẹ́ síbí.

Akọ̀wé Báńkì
Ayé ìgbà yẹn ni, ẹ̀gbọ́n. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ọmọ Kétu
Mo mọ̀. Mo kàn ń sọ ohun tí mo rí ni. Ìgbà yẹn kan náà ni orin ọmọ dúdú gba ìgboro Paris kan, Brett àti Jake alára ń jó sí i.

Tíṣà Àgbà
Ọmọ Kétu, má fà á sẹ́yìn, òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ Cohn náà wà ńbẹ̀. Júù ni Cohn, Mike àti Bill ò sì jẹ́ kó gbàgbé. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìwé yìí rí, ibẹ̀ ló máa ń nira jù lọ fún mi láti kà sókè nínú kíláàsì. Jake tó ń ròyìn gan-an ò mọ́ lọ́wọ́. Ó bínú sí Cohn torí pé Cohn ti bá Brett sùn, kò sì sọ bẹ́ẹ̀, ó kàn ń fi ọ̀rọ̀ gún un ni.

Ìlà àkọ́kọ́ ìwé yẹn: Cohn ti jẹ ọ̀gá abẹ̀ṣẹ́ rí ní Princeton. Kò pẹ́ tí Jake fi sọ pé òun ò fi bẹ́ẹ̀ ka oyè yẹn sí. Ká tó mọ ohunkóhun nípa Cohn ni wọ́n ti já a wálẹ̀.

Àbẹ̀ní Òǹkàwé
Cohn ò tiẹ̀ dà bí ẹni burúkú lójú mi. Ó fẹ́ràn obìnrin kan, ó rò pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, kò mọ̀ pé eré ni wọ́n ń ṣe. Òun nìkan ni kò lọ sógun nínú wọn, àbí mo ṣì í?

Tíṣà Àgbà
O ò ṣì í. Òun nìkan ló ṣì gbà gbọ́ nínú ìwé ìtàn ìfẹ́.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Ó sì na Jake. Ẹ má gbàgbé. Ó wá béèrè ibi tí Brett wà, Jake ò sọ. Ó pè é ní orúkọ kan tí wọ́n ń pe ọkùnrin tó ń fi obìnrin fún ọkùnrin, ó sì gbé e ṣánlẹ̀. Ó tún lọ lu Romero ní yàrá. Romero ń ṣubú, ó ń dìde, kò gbà.

Káfíńtà Ìkirè
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi kì í sábà sọ̀rọ̀ níbí, mo máa ń kà ni. Orúkọ tí Cohn pe Jake yẹn ni mo fẹ́ tọ́ka sí.

Alárinà ni Jake. Nínú gbogbo ìwé yẹn, iṣẹ́ alárinà ló ń ṣe. Òun ló mú Brett lọ sí ilé kọfí tí Romero wà, òun ló ń túmọ̀ Sípáníìṣì. Ó wá dìde, ó ní òun ń lọ wá àwọn ọ̀rẹ́ àwọn. Nígbà tó fi máa padà dé ní ogún ìṣẹ́jú, àwọn méjèèjì ti lọ. Ife kọfí àti ife kọ́níàkì mẹ́ta ló ṣẹ́ kù. Ẹni tó ń gbé oúnjẹ dé, ó kó ife náà, ó nu tábìlì.

Àwọn àgbà ní bí ọkọ àti ìyàwó bá ti mojú ara wọn, alárinà á yẹ̀ba. Ṣùgbọ́n alárinà wo ló fẹ́ràn ìyàwó náà? Ìyẹn kì í ṣe alárinà mọ́, agbódegbà ni. Cohn tí gbogbo wọn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ló sọ òtítọ́ yẹn sí i lójú.

Ohun kejì. Iṣẹ́ mi ni dúrọ́ọ̀ kíkàn, ojú mi kì í fò ó. Dúrọ́ọ̀ méjì wà nínú ìwé yẹn. Èkíní wà nínú tábìlì Montoya, ẹni tó ni hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n dé sí ní Pamplona. Fọ́tò àwọn ajàmáàlúù tí iṣẹ́ náà wà lọ́kàn wọn ló ń fi kọ́ ògiri. Fọ́tò àwọn tí kò sí lọ́kàn wọn, inú dúrọ́ọ̀ ló ń sọ ọ́ sí, lọ́jọ́ kan ó sì kó gbogbo rẹ̀ dà sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Èkejì ni ti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì Brett. Akọ màlúù kan gún ọkùnrin kan pa lójú títì láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lé màlúù wọ agbo. Vicente Girones lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún 28, àgbẹ̀ ni, ó ní ìyàwó àti ọmọ méjì. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn Romero pa màlúù ọ̀hún, wọ́n gé etí rẹ̀ fún un, ó sì fi etí náà ta Brett lọ́rẹ. Brett fi aṣọ ìnujú wé e, ó tì í sẹ́yìn pátápátá nínú dúrọ́ọ̀ pẹ̀lú àjẹkù sìgá, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ nígbà tó lọ.

Aṣọ ìnujú ta ni? Ti Jake ni.

Àbẹ̀ní Òǹkàwé
Ha!

Jagunlabí
Ẹ̀gbọ́n káfíńtà, ẹ dẹ̀ ń dákẹ́ láti ọdún wo?

Tíṣà Àgbà
Mo ti ka ìwé yìí nígbà márùn-ún, mi ò to dúrọ́ọ̀ méjèèjì pọ̀ rí. Ẹ ṣeun.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti Montoya kún un. Montoya ka Jake sí ọ̀kan lára àwọn tí ìfẹ́ iṣẹ́ yìí wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, afición ni wọ́n ń pè é lédè wọn. Ó ń fi ọwọ́ kan Jake léjìká bí ẹni pé wọ́n jọ mu omi awo. Ó tilẹ̀ wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ rẹ̀ pé àwọn òyìnbó ńláńlá fẹ́ pe Romero jáde. Jake ní kó má jẹ́ iṣẹ́ náà fún ọmọ yẹn, wọn á bà á jẹ́. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, Montoya wọ yàrá oúnjẹ, ó rí Romero tó di ife kọ́níàkì ńlá mú, ó jókòó láàárín Jake àti obìnrin tí èjìká rẹ̀ wà níta. Kò kí Jake. Kò tilẹ̀ mi orí sí i.

Lójú tèmi, ibẹ̀ ni Jake ti pàdánù ohun tí kò ní í rí gbà mọ́. Brett á máa padà wá. Montoya ò ní í padà wá.

Akọ̀wé Báńkì
Ìyẹn fi hàn pé ẹjọ́ ogun kọ́.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì gbà. Ká ní Brett ò kọjá nínú ohun tó kọjá, ṣé á máa wá ọmọ ọdún 19 kiri? Kò sì ba ọmọ náà jẹ́ dópin. Òun ló lé Romero lọ ní Madrid, ó ní òun ò fẹ́ di ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń ba ọmọdé jẹ́. Ẹ fún un ní díẹ̀.

Káfíńtà Ìkirè
Mo fún un, àǹtí. Mo fún un ju Jake lọ.

Ará Peckham
Lẹ́yìn tó lé e lọ tán, tẹligíráàmù ló fi pe Jake tó wà ní San Sebastián: kó máa bọ̀ ní Hotel Montana ní Madrid, wàhálà ti dé. Jake wọ ọkọ̀ ojú irin òru. Alárinà tí ò lè yẹ̀ba.

Àbẹ̀ní Òǹkàwé
Ó dáa, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn wá kù. Brett ní àwọn ì bá gbádùn ara àwọn. Ọlọ́pàá kan gbé kóńdó sókè níwájú, takisí fa bíréèkì, Brett sì tẹ̀ mọ́ Jake lára. Jake wá fèsì, gbólóhùn kan péré, ìwé parí. Mo ti gbìyànjú láti fi Yorùbá sọ ọ́ fún ọkọ mi, kò jọ ara wọn. Mo ní «Ó dára láti rò bẹ́ẹ̀, àbí?» Ó gbẹ bí ìwé òfin.

Tíṣà Àgbà
«Ó dùn-ún rò, àbí kò dùn?»

Ọmọ Kétu
Àpọ́nlé pọ̀ nínú ìyẹn, bàbá. Jake ń fi ṣe ẹlẹ́yà díẹ̀. «Ó dùn lẹ́nu.»

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Kì í ṣe ẹlẹ́yà. Ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Jagunlabí
«A dúpẹ́ pé ó dùn-ún gbọ́.»

Olùtọ́jú Ojú-Òpó
Jagunlabí.

Káfíńtà Ìkirè
Ìyàwó mi àkọ́kọ́ wá kí mi lọ́dún tó kọjá, a jókòó sí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ká ní a ò tètè tú ká ni. Mo ní, «Àbí?» Mo mú pákó, mo ń bá iṣẹ́ lọ.

Àbẹ̀ní Òǹkàwé
Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ni màá sọ fún ọkọ mi.